Ta Ní Ń Yan Ìtàn fún Ọmọdé? Yíyan Àlọ́ àti Àwòrán Sínú Ìwé Àwọn Ọmọdé Yorùbá, 1849 sí 1978

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ pọ̀ lórí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá, pàápàá lórí àwọn ìwé D. O. Fágúnwà àti ti àwọn tí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó wà lórí ìwé tí àwọn ọmọ kéékèèké fi kọ́kọ́ mọ̀wé kà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ohun tí ọmọdé ń kà kò tó ohun tí àgbà lè máa jiyàn lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òǹkàwé àgbà kan tí kò kọ́kọ́ jẹ́ òǹkàwé ọmọdé, kékeré ni a sì ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó kàwé dáadáa kì í fi í ka ìwé Yorùbá fún ìgbádùn, inú àpò ìwé ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò. Èkíní, ta ni ó ń yan ìtàn àti àwòrán tí ó ń wọ inú ìwé ọmọdé ní ilẹ̀ Yorùbá? Èkejì, kí ni olúwa rẹ̀ fi ń ṣe òṣùwọ̀n? Ẹ̀kẹta, kí ni ó ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn nígbà tí àlọ́ bá kúrò lẹ́nu tí ó bọ́ sínú ìwé? Ọdún 1849 ni àyẹ̀wò náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọdún náà ni ìwé àkọ́kà tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe fún àwọn Yorùbá jáde. Ó parí sí ọdún 1978, nígbà tí ètò ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀.

Àbá tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀. Láti ìgbà tí ìwé ti dé, ẹni tí ó ń san owó ìtẹ̀wé ni ó ń yan ìtàn. Ìjọ ni ní àkọ́kọ́, ìjọba ni ó tẹ̀lé e, àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé sì ń tẹ̀lé ìlànà àwọn méjèèjì. Òṣùwọ̀n oníkálukú wọn ní ìdí tirẹ̀, kò sì yẹ kí ènìyàn fi ojú yẹpẹrẹ wo ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n ohun kan tí àlọ́ ní tẹ́lẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n nínú òṣùwọ̀n wọ̀nyí. Ohun náà ni ẹ̀tọ́ ọmọdé láti dáhùn.

2.0 Yíyan ìtàn kí ìwé tó dé

Àṣìṣe ni láti rò pé ìgbà tí ìwé dé ni àwọn Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìtàn fún ọmọdé. Àlọ́ pípa ní òfin. Alẹ́ ni àkókò rẹ̀, lẹ́yìn tí iṣẹ́ oko àti oúnjẹ alẹ́ bá ti parí. Èèwọ̀ ni lọ́sàn-án, èèwọ̀ yìí ni kì í sì í jẹ́ kí eré pa iṣẹ́ lára. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n fi ń ṣí i, kí ọpọlọ àwọn ọmọ lè jí, kí ẹni tí ojú ń tì sì lè rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Lẹ́yìn èyí ni àlọ́ àpagbè yóò tẹ̀lé e, èyí tí ó ní orin àti ègbè. Àpèjẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ àlọ́. Bí àwọn ọmọ kò bá jẹ́ apàlọ́ lóhùn, kò ní bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ń pa àlọ́ mọ gbogbo ọmọ tí ó jókòó tì í. Ó mọ èyí tí ó mú ẹran nínú ìkòkò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì lè pa àlọ́ Ìjàpá àti ọ̀kánjúà rẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ kékeré kan bá ń bẹ̀rù, yóò gé ibi tí ó bani lẹ́rù kúrú. Àpẹẹrẹ kan ni àlọ́ Olúróńbí, obìnrin tí ó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún igi ìrókò. Ìtàn ọmọ tí wọ́n fi san ẹ̀jẹ́ le púpọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá àgbà ni ọmọ náà ti ń gbọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni ó jókòó sí, orin inú àlọ́ náà sì ń fún un ní iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀rù tí ènìyàn ń gbè lórin pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn kì í wúwo bí èyí tí ó dá nìkan gbé.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n mẹ́rin ni apàlọ́ ń lò: ọjọ́ orí àwọn ọmọ tí ó jókòó, ìwà tí ó fẹ́ tọ́ sọ́nà lọ́jọ́ náà, adùn orin, àti bí àwọn ọmọ ṣe ń dáhùn. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó lágbára jù. Bí àlọ́ kò bá dùn, ègbè yóò rọ̀, oorun yóò sì kó àwọn ọmọ lọ. Ìdájọ́ náà kì í pẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè yí i padà.

Kò yẹ, síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni sọ àlọ́ di ohun tí kò ní àbùkù. Àwọn àlọ́ kan wà tí ó ń fi abuké tàbí arọ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mìíràn sì wà tí kò sí orogún kan tí ó ṣe ènìyàn nínú wọn. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń tọ́ka sí ni pé ẹni tí ó ń yan ìtàn àti ọmọ tí ó ń gbọ́ ọ jọ wà lójú kan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ayé àlọ́ àti ayé ìwé bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

3.0 Ìwé àwọn ìjọ

Ní ọdún 1849 ni ìjọ CMS tẹ ìwé àkọ́kà Crowther jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti àwọn ará Yorùbá gẹ́gẹ́ bí àkọlé rẹ̀ ti wí. Àkọtọ́ èdè náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà. Àárín ọdún 1850 sí 1859 ni ìlànà ábídí tí Lepsius gbé kalẹ̀ wọlé, ó sì di ọdún 1875 kí àwọn ìjọ tó pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ti máa kọ èdè náà. Èyí fi hàn pé ìwé ọmọdé ni pápá tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán àkọtọ́ Yorùbá wò.

Ète àwọn ìjọ hàn kedere. Wọ́n ń kọ́ ènìyàn ní ìwé kí ó lè ka Ìwé Mímọ́. Ní 1850 ni ìtumọ̀ Ìwé Róòmù jáde. Ní 1866 ni Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ jáde, èyí tí David Hinderer túmọ̀ láti inú ìwé John Bunyan. Odidi Bíbélì sì jáde ní 1884. Nígbà tí Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, dé Ìbàdàn ní 1853, lára àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ wá gbé lọ́dọ̀ wọn ni Yéjídé àti Akínyẹlé, àwọn ọmọ Olóyè Olúnlóyọ̀. Wọ́n kọ́ ABD. Ọmọ tí ó bá mọ ABD tán nígbà náà, Ìwé Mímọ́ àti orin ìsìn ni ó kàn. Kò sí ìwé kan láàárín tí wọ́n ṣe fún ìgbádùn ọmọdé lásán.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ó yẹ fún àkíyèsí. Crowther kò kórìíra ọgbọ́n àwọn baba rẹ̀. Ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó gbé jáde ní 1852 kún fún òwe Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i sì yin àwọn òwe náà púpọ̀. Òwe tipa bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwé, àlọ́ ṣì dúró níta. Ó jọ pé ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Òwe kúrú, ó sì gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìjàpá ní tirẹ̀ ń parọ́, ó ń jalè, nígbà mìíràn ó sì ń mú un jẹ. Olùkọ́ tí ó ń fi ìwé kọ́ni ní òfin mẹ́wàá yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ lé ọmọdé lọ́wọ́.

Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba ṣe ní 1882 tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin náà kà sí, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba sì so mọ́ bí àwọn ọmọ bá ti ṣe dáadáa tó nínú ìdánwò. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní 1885, ni D. B. Vincent gbé Ìwé Àlọ́ jáde ní Èkó. Ọkùnrin yìí ni ó wá di Mojọlá Agbebí ní 1894, nígbà tí ó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ni ó kó jọ sínú ìwé náà. Àwọn òpìtàn sábà máa ń ka ìwé yìí mọ́ ìjì àṣà tí ó jà ní Èkó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀ mìíràn fún ìtàn ìwé ọmọdé. Nínú gbogbo oríṣi àlọ́, àpamọ̀ nìkan ni ìwé kò lè gba ẹ̀tọ́ ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìbéèrè ní láti dúró, kí ó ronú, kí ó tó wo ìdáhùn. Bóyá Vincent mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni o, bóyá kò mọ̀ ọ́n mọ̀ ni o, irú ìwé tí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹnu òǹkàwé ni ó yàn.

4.0 Ìjọba, Aláwìíyé àti Táíwò òun Kẹ́hìndé

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ èdè abínibí. Ìròyìn ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes tí ó jáde ní 1922 bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀kọ́ tí kò bá ìgbésí ayé àwọn ènìyàn mu, ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1925 sì gbà pé èdè abínibí ní ipa pàtàkì tí ó ń kó nínú ẹ̀kọ́ ọmọdé. Bí èdè bá wọ ilé-ẹ̀kọ́, ó di dandan kí ìwé wọ̀ ọ́. Àwọn olùkọ́ Yorùbá fúnra wọn ni ó sì dìde láti kọ ọ́.

Méjì nínú wọn ṣe pàtàkì fún àyẹ̀wò yìí. Èkíní ni J. F. Ọdúnjọ, tí wọ́n bí ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ní 1904, tí ó sì kú ní 1980. Olùkọ́ ni kí ó tó di mínísítà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọ̀wọ́ ìwé Aláwìíyé tí ó kọ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá fi mọ̀wé kà ní àárín ọ̀rúndún ogún. Èkejì ni Fágúnwà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní 1938, ṣùgbọ́n òun àti L. J. Lewis ni ó tún kọ ọ̀wọ́ ìwé Táíwò àti Kẹ́hìndé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ àwọn ìwé méjèèjì jẹ́ ẹ̀rí ohun tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó ń wí títí yóò fi yéni ni aláwìíyé. Olùkọ́ ni orúkọ yìí gbé síwájú. Ọmọdé méjì ni Táíwò àti Kẹ́hìndé. Wọ́n yan ìbejì, tí kò sí ìlú Yorùbá kan tí kò mọ̀ wọ́n, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà ìwé. Nínú Aláwìíyé, Ọdúnjọ fi ewì, ìtàn àti ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn sójú kan. Àwọn ewì rẹ̀ lórí iṣẹ́ àti lórí ìwà ni àwọn tí ó kà á ṣì ń kà lórí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ohun kékeré. Ewì tí ọmọdé lè há sórí, tí kíláàsì lè jọ ké pọ̀, sún mọ́ ègbè àlọ́ ju ìtàn tí ẹnì kan ń dá kà lọ. Ní ibi yìí, olùkọ́ kan rí ọ̀nà láti dá díẹ̀ padà nínú ohun tí ìwé gbà. Ìfẹ́ tí Ọdúnjọ ní sí ọmọdé kò sì pin sí kíláàsì kìíní: ní 1964 ni ó gbé Kúyẹ̀ jáde, ìtàn ọmọ òrukàn kan tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 dé 811,000 ní 1955. Ìyípadà ńlá ni èyí jẹ́ fún ìwé ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn kò mọ ìwé ni ó di òǹkàwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọjà tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tún sọ ìwé tí wọ́n kọ sínú ètò ẹ̀kọ́ di ọba lórí ìwé gbogbo. Ìwé tí wọn kò bá kọ sínú ètò náà, oríire ni kí ó tà. Èyí ni ó jẹ́ kí ìwé ọmọdé Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìwé kíláàsì lọ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọdé kì í yàn án. Wọn a máa pín in fún un.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní ilé-ẹ̀kọ́ tún dá kún un. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá. Láti kíláàsì kẹrin, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yòókù, Yorùbá sì di ẹ̀kọ́ kan láàárín ọ̀pọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ọmọdé ni pé bí ènìyàn bá ti ń dàgbà ni ó ń kúrò nínú ìwé Yorùbá. Kò sí olùkọ́ tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n àtẹ ẹ̀kọ́ tí ó wà lára ògiri kíláàsì sọ ọ́.

5.0 Àwòrán nínú ìwé ọmọdé

5.1 Àwòrán àti ohùn ọ̀rọ̀

Nínú èdè Yorùbá, àwòrán ní iṣẹ́ kan tí kò ní nínú ọ̀pọ̀ èdè mìíràn. Ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: lẹ́tà kan náà ni, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni. Àwọn ìwé àtijọ́ kì í sábà fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó bá rí lẹ́tà wọ̀nyí láìsí àmì, tí ó sì rí àwòrán irinṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, yóò kà á bí ó ti yẹ. Àwòrán di àmì ohùn fún un.

Ìrànlọ́wọ́ yìí ní ààlà. Igbá ṣe é yà, igbà tí ọ̀dẹ̀mu fi ń gun ọ̀pẹ ṣe é yà, ṣùgbọ́n ìgbà kò ṣe é yà, igba sì di kí ènìyàn máa to èèpo ọsàn. Nítorí náà, bí olùyàn ìwé bá gbára lé àwòrán nìkan, ọ̀rọ̀ ohun tí ojú rí nìkan ni yóò pọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe lórí àkọtọ́ ní 1965, ìgbìmọ̀ àkọtọ́ tí ó jókòó ní 1966, àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ṣe pàtàkì fún ọmọdé ju fún àgbà lọ. Àgbà ti mọ ọ̀rọ̀ kí ó tó rí i. Ọmọdé ń wá ọ̀rọ̀ náà ni. Àtúnṣe náà sì ní iye tí ó náni: àwọn ìwé tí ó ń kọ aiye, enia àti onjẹ di ohun tí wọ́n ní láti tún tẹ̀, èyí tí kò sì rí owó àtúntẹ̀ pa rẹ́ kúrò ní kíláàsì.

5.2 Ṣé ọmọdé lè ka àwòrán?

Ní 1960, W. Hudson tẹ ìwádìí kan jáde tí ó ṣe ní Gúúsù Áfíríkà. Ó fi àwòrán ọdẹ, ẹtu àti erin han àwọn ènìyàn, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò lọ sí ilé-ìwé kò mọ èyí tí ó jìnnà àti èyí tí ó wà nítòsí nínú àwòrán náà. Àwọn kan tètè sọ ọ́ di pé àwòrán kì í yé ọmọ Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti tako ìtumọ̀ yìí, ìtàn iṣẹ́ ọnà Yorùbá sì tó ẹ̀rí láti fi tì wọ́n lẹ́yìn. Ọmọ tí ó dàgbà láàárín ọpọ́n Ifá, aṣọ àdìrẹ àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ kì í ṣe àjèjì sí àwòrán. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní 1924 tí ó sì wà ní British Museum láti ìgbà náà, kún fún ìtàn. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹni tí ó tóbi ni ẹni pàtàkì. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ẹni tí ó sún mọ́ni. Ọ̀nà kíka àwòrán méjì ni ó pàdé nínú ìwé ọmọdé, ó sì yẹ kí wọ́n fi èyí tí ó jẹ́ tuntun kọ́ ọmọ bí wọ́n ti ń fi ABD kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Kí ìtẹ̀wé ọ̀fúsẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní láti ní búlọ́ọ̀kù tirẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń fi kún iye owó. Èyí ni ó fà á tí àwòrán inú ìwé fi kéré tí kò sì ní àwọ̀ púpọ̀. Láti 1960 síwájú ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ náà. Bruce Onobrakpeya ni ó ya àwòrán sínú An African Night's Entertainment, ìwé Cyprian Ekwensi tí ó jáde ní 1962, òun náà ni ó sì ya ti ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún Ògbójú Ọdẹ ní 1968.

5.3 Ibi tí àwòrán dúró sí nínú ìtàn

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn olùyàn ìwé kì í sábà kà sí ni ibi tí àwòrán bọ́ sí. Nínú àlọ́ Ìjàpá tí ó jẹ àsèjẹ tí babaláwo ṣe fún Yánníbo, ìyàwó rẹ̀ tí kò rọ́mọ bí, ikùn Ìjàpá ń wú díẹ̀díẹ̀. Orin ni ó ń sọ ọ́. Bí ègbè bá ti ń gun ara wọn ni àwọn ọmọ ń fojú inú rí ikùn náà, ẹ̀rín wọn sì ń pọ̀ sí i. Bí ayàwòrán bá fi ikùn ńlá náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ojú ti rí òpin kí etí tó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọdé yóò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, yóò sì ṣí ewé mìíràn. Àwòrán tí ó dára fún àlọ́ ni èyí tí ó dúró ní ibi tí apàlọ́ ìbá ti dákẹ́ díẹ̀: Ìjàpá gbé ìkòkò sọ́wọ́, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń bi ọmọdé léèrè, ó sì ń dúró de ìdáhùn.

Ìwé tí Adébóyè Babalọlá kó jọ ní 1973, Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá, ṣe pàtàkì níhìn-ín nítorí pé ó kọ orin sílẹ̀ pẹ̀lú ìtàn. Ẹni tí ó bá yọ orin kúrò nínú àlọ́ kí ojú ewé lè tó, ó ti yọ ọmọdé náà kúrò níbẹ̀.

6.0 Òbí, àti Ètò Ifẹ̀

Ẹnì kan tí kò tíì hàn nínú ìtàn yìí ni òbí. Bí ìlú ti ń gbòòrò, òbí tí ó kàwé bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé fúnra rẹ̀. Chinua Achebe sọ ìrírí rẹ̀ nínú ìwé àròkọ tí ó gbé jáde ní 2009. Nígbà tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé ní Èkó, ó máa ń ra ìwé aláwòrán olówó ńlá fún ọmọbìnrin rẹ̀, nítorí ẹwà wọn, láìkà wọ́n. Nígbà tí ó wá kà wọ́n, ó bá ìtàn ọmọ òyìnbó kan tí káìtì rẹ̀ fò dé abúlé kan ní Áfíríkà, tí àwọn ará abúlé náà sì ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni rí àǹjọ̀nú. Ohun tí ọmọ náà ti ń gbà sọ́kàn nìyẹn. Nígbà tí Christopher Okigbo, tí ó ń ṣojú Cambridge University Press, ní kí ó kọ ìwé ọmọdé, ó gbà. Chike and the River jáde ní 1966. Bàbá tí ó mọ ìwé tó bẹ́ẹ̀ ṣi ìwé yàn. Òbí kan ṣoṣo kọ́ ni ó ní àṣìṣe yìí. Lórí àtẹ tí ó ti ń rà, ìwé tí ó ní àwọ̀ mèremère àti ìwé tí ó mọ ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ìwé kan náà.

Ní oṣù kìíní 1970 ni ètò Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A', Mọ́dákẹ́kẹ́, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. Babs Fáfúnwá ti Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó Ford Foundation. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi ẹgbẹ́ mìíràn tí ó ń tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́ ṣe òdiwọ̀n. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Ohun tí ó kan iṣẹ́ yìí ni pé kò sí ìwé nílẹ̀ nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní láti kọ ìwé ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ ní Yorùbá, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún un, kí wọ́n wá àwòrán sí i. Àwọn tí ó ń kọ ìwé sún mọ́ kíláàsì tí wọ́n ti ń lò ó. Ohun tí kò bá yé àwọn ọmọ kò lè fara pamọ́ fún ọdún mẹ́wàá nínú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tán ní Lọ́ńdọ̀nù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1849, ẹni tí ó ń yan ohun tí ọmọ ń kà àti ọmọ tí ó ń kà á tún sún mọ́ ara wọn, bí apàlọ́ àti àwọn ọmọ tí ó yí i ká. Ní 1978 tí ètò náà parí ni Mabel Ṣẹ́gun dá ẹgbẹ́ lítíréṣọ̀ ọmọdé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn olùfẹ́ ìwé ọmọdé lè rí ibi jókòó sí.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò fi hàn pé olùyàn mẹ́rin ni ó ti yan ìtàn fún ọmọ Yorùbá. Apàlọ́ fi ojú ọmọ ṣe òṣùwọ̀n. Ìjọ fi ìgbàlà ṣe é. Ìjọba àti olùkọ́ fi mímọ̀wé kà àti ìwà rere ṣe é. Òbí fi ẹwà ìwé ṣe é. Kò sí èyí tí kò fẹ́ràn ọmọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ láti òkèèrè máa ń ṣi nǹkan yàn.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ní 2025 ni wọ́n sì fagi lé e. Èyíkéyìí tí ènìyàn bá fara mọ́ nínú ìpinnu méjèèjì, ìbéèrè tí ètò Ifẹ̀ bá pàdé ní 1970 ṣì wà níbẹ̀: ìwé wo ni ó wà nílẹ̀ tí ọmọ yóò kà, ta ni ó sì yàn án? Òfin lè sọ èdè di dandan láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò lè sọ ìwé di àdídùn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ yan ìwé fún ọmọ kékeré máa wò. Èkíní, kí ó wo bóyá àmì ohùn àti àwòrán inú rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èkejì, kí ó wo bóyá àwòrán náà fi nǹkan sílẹ̀ fún ọmọ láti béèrè. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: kí ó kà á sókè fún ọmọ kan kí ó tó rà á fún ogójì, kí ó sì gbọ́ bóyá ọmọ náà dá a lóhùn. Apàlọ́ kò kọ́ èyí ní yunifásítì kankan. Ó mọ̀ pé bí ègbè bá ti rọ̀, àlọ́ náà ti parí, bí ó tilẹ̀ ku ìdajì.